Ta Ni Yóò Ra Dátà?

Ẹ sọ fún ará Ìjurìn-Èkìtì pé ọmọ rẹ̀ fẹ́ lọ kàwé, yóò ta oko kòkó, yóò fi ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé dúró, yóò tún lọ yá owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lé e. Ẹ wá sọ fún ará Ìjurìn kan náà pé ọmọṣẹ́ rẹ̀ fẹ́ fi wákàtí kan kọ́ nǹkan lórí fóònù ní ṣọ́ọ̀bù, yóò wò yín láti orí dé ẹsẹ̀, yóò ní: "Ta ni yóò wá máa ta ọjà?"

Bẹ́ẹ̀ la wà o, láti Ìjerò dé Arámọkọ, láti Arámọkọ dé Ẹ̀fọ̀n-Aláayè. Àwa tí à ń pe ìpínlẹ̀ wa ní Orísun Ìmọ̀, tí a kọ ọ́ sára nọ́ńbà ọkọ̀ nígbà kan kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè rí i kà. Ilé tí ẹ bá dé lágbègbè wa tí ẹ kò bá ọ̀jọ̀gbọ́n kan níbẹ̀, ẹ yẹ ẹ̀yìnkùlé wò, ó lè jẹ́ pé iyán ló ń gún lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ tí a mọ̀ ni èyí tó ní gáàwùn, tó ní fìlà onígun mẹ́rin, tí gbogbo ẹbí kún bọ́ọ̀sì lọ ya fọ́tò sí. Ìmọ̀ tí èèyàn fi ìka kan tẹ̀ lórí fóònù, tí a kò gún iyán sí, tí a kò ra ankóò sí, ta ló fẹ́ bá wa ka ìyẹn kún ìmọ̀?

Nítorí náà, nígbà tí ayé ní kí ọlọ́jà, ilé epo, ọsibítù aládàáni àti báńkì kéékèèké máa fi íntánẹ́ẹ̀tì kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ wọn, àwọn ọ̀gá wa gbà. Ẹnu ni wọ́n fi gbà. Ọwọ́ wọn wà nínú àpò, ó di owó mú gírígírí.

Àwọn onímọ̀ ti jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Ní 1989, Fred Davis, ará Amẹ́ríkà, sọ pé ohun méjì lèèyàn ń wò kó tó gba ẹ̀rọ tuntun: ṣé yóò ṣe mí láǹfààní, ṣé kò sì ní fún mi ní wàhálà láti lò? Ní 1990, Tornatzky àti Fleischer ní tó bá jẹ́ iléeṣẹ́ ni, ká wo ẹ̀rọ náà, ká wo bí iléeṣẹ́ ọ̀hún ṣe tò, ká sì wo àyíká rẹ̀, ìjọba àti àwọn tí wọ́n jọ ń dù ú lọ́jà. Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ni gbogbo rẹ̀. Ohun tó kàn kù díẹ̀ ni pé kò sí ìkankan nínú wọn tó sùn ní Ìjurìn mọ́jú. Ká ní wọ́n sùn níbẹ̀ ni, wọn ìbá gbọ́ ìbéèrè tó ṣáájú gbogbo ìyókù: ta ni yóò ra dátà?

Látìgbà náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ti ń gbé fọ́ọ̀mù kiri ṣọ́ọ̀bù wa nítorí iṣẹ́ àṣekágbá. "Mo gbà gan-an, mo gbà, n kò mọ̀, n kò gbà." Ọ̀gá ilé epo á gba bírò, á fa ìlà wálẹ̀ ṣòòròṣò lórí "mo gbà gan-an". Ó gbà gan-an ní ìbéèrè kejì pé ẹ̀kọ́ orí ẹ̀rọ wúlò púpọ̀. Ó tún gbà gan-an ní ìkẹtàlá pé kò wúlò rárá. Akẹ́kọ̀ọ́ á dúpẹ́, ọ̀gá á padà sídìí ẹ̀rọ epo, ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ á sì máa tẹ̀ síwájú.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí dátà. Ká má parọ́ mọ́ ìjọba, wọ́n gbìyànjú. Ní oṣù Karùn-ún 2020, nígbà tí Kòrónà ti gbogbo wa mọ́lé, Gómìnà Káyọ̀dé Fáyẹmí bu ọwọ́ lùwé pé owó tí ẹni tó bá fẹ́ ri wáyà íntánẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀ ń san, tó jẹ́ ₦4,500 lórí mítà kan, ti di ₦145 lórí kìlómítà kan. Ẹ tún un kà. Mítà ni tẹ́lẹ̀, kìlómítà ló wá di. Ohun tí ìbá gba mílíọ̀nù mẹ́rin ààbọ̀ náírà di owó lítà bẹntiróòlù kan, nítorí ₦145 gan-an ni ìjọba àpapọ̀ ní kí wọ́n máa ta lítà epo láti 2016 títí wọ ìbẹ̀rẹ̀ 2020. A yọ̀. A ti ń bá aládùúgbò jà lórí ẹ̀yìnkùlé ẹni tí wáyà yóò gbà kọjá. Àṣé ẹni tó fẹ́ ri wáyà kì í wo owó ìjọba nìkan. Ó wo òkè, ó wo àpáta, ó ka orí àwọn tí yóò ra dátà, ó fi wé orí àwọn tí yóò ní "ẹ tan hotspot fún mi díẹ̀", ó sì yà sí Adó-Èkìtì.

Nígbà tó di oṣù Kìíní 2025, àjọ NCC fọwọ́ sí i kí àwọn iléeṣẹ́ fóònù fi ohun tí kò ju ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún lọ lé owó wọn. Látọjọ́ yẹn, ọmọṣẹ́ tó bá ní "Ọ̀gá, mo fẹ́ fi dátà yín wo fídíò kan nípa iṣẹ́" dà bí ẹni tó ní kí ọ̀gá fún òun ní àbígbẹ̀yìn rẹ̀ fẹ́.

Iná ńkọ́? Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká sọ̀rọ̀ iná. Lọ́jọ́ tí wọ́n ní owó ìrànwọ́ epo ti lọ, ní oṣù Karùn-ún 2023, jẹnẹrétọ̀ tí àwọn ọ̀gá ń tàn fún kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì di àga tí àwọn àlejò ń jókòó lé. Ó ti tán nípa iná.

Ẹ wá wo ìpàdé Zoom oníṣòwò kan tó ń ta ohun ìkọ́lé. A kò ní dárúkọ rẹ̀. Ó mọ ara rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ náà sì mọ̀ ọ́n. Ọ̀gá wà ní Adó, iná wà, fáànù ń fẹ́ sí i lórí. Àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́ta wà ní ṣọ́ọ̀bù Ìjurìn, wọ́n rọ̀ mọ́ fóònù ẹyọ kan. Gbogbo ènìyàn ní ṣọ́ọ̀bù yẹn ló mọ ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń gbé: ẹ gun àpò sìmẹ́ǹtì kẹrin ní ìgun apá òsì, ẹ na ọwọ́ ọ̀tún sókè, ẹ má mí jù. Èyí tó kéré jù nínú wọn ló ń di fóònù mú lókè, àwọn tó kù ń kọ nǹkan sílẹ̀. Àkòrí ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà ni bí a ṣe ń tọ́jú oníbàárà.

"Ṣé ẹ ń gbọ́ mi?"

"À ń gbọ́ yín, sà."

"Ẹ fetí sílẹ̀. Ohun tí oníbàárà ń fẹ́ ni..." Nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ. Ó padà dé. "...nítorí náà, ẹ ò gbọdọ̀ ṣe é láéláé. Ṣó yé yín?"

"Ó yé wa, sà."

Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, wọ́n fàlà sábẹ́ rẹ̀: ohun tí oníbàárà ń fẹ́, a ò gbọdọ̀ ṣe é láéláé. Ẹni tó bá ti lọ ra ìṣó níbẹ̀ láti ìgbà yẹn yóò jẹ́rìí sí i pé wọn kò gbàgbé ẹ̀kọ́ náà.

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí màmá kan fi wọlé, ó fẹ́ ra páànù méjì.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dúró díẹ̀, a wà ní kíláàsì."

"Kíláàsì? Olùkọ́ yín dà?"

"Ó wà nínú fóònù, mà."

"Ẹ ní kó jáde wá ta páànù fún mi."

Ọ̀gá gbọ́ ohùn obìnrin láti Adó. "Ta nìyẹn?" "Oníbàárà ni, sà." "Kí ló fẹ́?" "Ó fẹ́ páànù, sà." Ọ̀gá pariwo kí wọ́n tètè dá a lóhùn, ṣùgbọ́n nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti tún lọ, àwọn ọmọ sì ti ní ìwé lọ́wọ́ tó sọ ohun tí wọn yóò ṣe.

Ká má fi gbogbo ẹ̀bi sórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Òfin kan wà tó jẹ́ kí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ rọrùn, òun náà ni àwọn ọ̀gá wa kórìíra jù. Wọ́n dá àjọ ITF sílẹ̀ ní 1971 nítorí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ òṣìṣẹ́. Lẹ́yìn àtúnṣe 2011, iléeṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ márùn-ún sókè, tàbí tí kò tó bẹ́ẹ̀ ṣùgbọ́n tí owó tó ń wọlé lọ́dún tó ₦50 mílíọ̀nù, gbọ́dọ̀ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀ fún àjọ náà lọ́dọọdún. Tó bá wá kọ́ wọn níṣẹ́ bó ṣe yẹ, ó lè gbà tó ìdajì owó náà padà. Ẹ gbọ́ ná, ìdajì! Oníṣòwò Èkìtì wo ìdajì tí yóò gbà, ó wo odindi tí yóò san, ó sì pinnu pé òṣìṣẹ́ mẹ́rin lòun ní.

Ọjọ́ tí àlejò ITF bá dé lẹ ó mọ̀ pé ẹbí wa pọ̀. Ẹni tó ń pọn epo di ọmọ ẹ̀gbọ́n ọ̀gá tó wá kí wọn. Ẹni tó ń kó owó di àfẹ́sọ́nà ẹnì kan. Ẹ̀ṣọ́ di àgbẹ̀ tó ń kọjá lọ. Owó tó ń wọlé lọ́dún ńkọ́? "Ọ̀gá, a kàn ń rí tí ẹnu ni." Ilé alájà mẹ́ta tí ọ̀gá kọ́ sójú títì sì ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀, ó ń bá a gbọ́rọ̀.

Ọ̀gá tó bá sì ra ẹ̀kọ́ náà nígbẹ̀yìn, ẹ wo irú èyí tó rà. Ó rà á lọ́dọ̀ òyìnbó, torí ó wà ní ẹ̀dínwó. Ẹ̀kọ́ ààbò lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ láti imú, kíá kíá, ó ní kí òṣìṣẹ́ máa ro yìnyín kúrò lójú ọ̀nà kí oníbàárà má bàa yọ̀ ṣubú. Ní Ìjurìn! Níbi tó jẹ́ pé ewu tó wà lójú ọ̀nà ni ewúrẹ́ àti ọlọ́kadà. Òṣìṣẹ́ kan béèrè pé kí ni yìnyín ọ̀hún ń wá níwájú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní kó tẹ "Next". Ẹ kò rí i pé ọ̀rọ̀ náà kọjá owó? Ẹ̀kọ́ tí kò gbọ́ èdè wa, tí kò mọ ọjà wa, tí kò mọ̀ pé ẹni tó ń ra àwìn ló pọ̀ jù nínú oníbàárà wa, ẹ fún wa lọ́fẹ̀ẹ́, a ó ṣì sùn lé e lórí.

Àwọn òṣìṣẹ́ náà kò ṣàìní tiwọn, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n fi ojú àánú tàn yín. Ní 2012, ìjọba Èkìtì ní kí àwọn olùkọ́ wá jókòó ṣe ìdánwò kan kí wọ́n lè mọ ibi tó kù sí fún wọn. Àwọn olùkọ́ tó ń fi ìdánwò halẹ̀ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì gbọ́ "ìdánwò", wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Ẹ rín wọn, ṣùgbọ́n ẹ má rín wọn jù. Ohun tó ń ba èèyàn lẹ́rù nírú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni pé wọ́n lè fi wá ẹni tí wọn yóò lé. Ẹ̀rù yìí kan náà ló wà lára òṣìṣẹ́ aládàáni lónìí, torí ẹ̀rọ tó ń kọ́ ọ tún ń ṣọ́ ọ. Ó mọ ìgbà tó wọlé, ó mọ iye tó gbà, ó mọ̀ pé ó fi fídíò sílẹ̀ lọ jẹun, ó sì ń kó gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ̀gá. Ta ni yóò jẹ́ kí olùkọ́ rẹ̀ tún jẹ́ amí?

Wọ́n ti wá ọgbọ́n sí i, ẹ má ṣèyọnu. Ẹ wo báńkì. Ìfẹ́ ìmọ̀ kọ́ ló sọ wọ́n di akẹ́kọ̀ọ́. CBN, báńkì àpapọ̀, ló sọ ọ́ di dandan fún wọn láti máa dá òṣìṣẹ́ lẹ́kọ̀ọ́ lórí bí wọ́n ṣe ń dá owó èérú mọ̀. Akọ̀wé kan á gbé ẹ̀kọ́ náà wálé lálẹ́, á tẹ "Next, Next, Next" bí iyán ṣe ń wọ̀ ọ́ lọ́nà ọ̀fun, tó bá di ibi ìbéèrè, á pe ọmọ rẹ̀ tó wà ní SS2. Ọmọ á dáhùn, á gba 90 nínú ọgọ́rùn-ún, ìwé ẹ̀rí á jáde lórúkọ bàbá. Tí owó èérú bá wọ báńkì yẹn lọ́la, ẹ má pe ọlọ́pàá, ẹ lọ bá ọmọ náà ní kíláàsì.

Ibo ni ọmọ yẹn ti mọ bí wọ́n ṣe ń dáhùn ìbéèrè orí ẹ̀rọ? JAMB ni. Ẹ sì fẹ́ rí oníṣòwò tó gba ẹ̀kọ́ orí ẹ̀rọ láàárín ọ̀sán kan òru kan? Ẹ lọ wo àwọn tó ń ṣe lẹ́sìn JAMB. Ní 2013 ni JAMB, àjọ ìdánwò ìwọlé yunifásítì, bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ̀ǹpútà ṣe ìdánwò fún àwọn kan. Nígbà tó fi di 2015, wọ́n ti pa ti orí bébà rẹ́ pátápátá. Ọ̀gá lẹ́sìn tó ti ń fi ẹfun kọ nǹkan sára pátákó láti ayébáyé, tó máa ń ní kọ̀ǹpútà ń ba ojú ọmọ jẹ́, ó ra kọ̀ǹpútà àlòkù, ó kọ CBT gàdàgbà sára ògiri, ó sì fi owó lé owó lẹ́sìn kí ọ̀dà tó gbẹ. Kò sí iná, kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, òkè kò sì kúrò níbi tó wà. Ohun tó yàtọ̀ ni pé òfin dé, owó sì wà nídìí òfin. Láàárín ọdún méjì péré ni gbogbo àwáwí tá a ń pè ní ìṣòro fi rìn kúrò nílẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ẹni tí òfin kò bá tì, aládùúgbò ni yóò tì í. Everett Rogers tó kọ ìwé ńlá lórí bí nǹkan tuntun ṣe ń tàn kálẹ̀, ní 1962, ọmọ àgbẹ̀ ni, ní ìpínlẹ̀ Iowa, Amẹ́ríkà. Wọ́n gbé àgbàdo tuntun dé ọ̀dọ̀ wọn, àgbàdo tó ń so ju ti àtijọ́ lọ. Àwọn tó ń tà á sọ̀rọ̀ títí itọ́ gbẹ lẹ́nu wọn, bàbá Rogers kọ̀. Ó di 1936, ọ̀dá dé, àgbàdo bàbá rọ, ti aládùúgbò tó gba tuntun dúró ṣinṣin níwájú rẹ̀. Ìgbà yẹn ni ojú là. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò: bàbá tó gbọ́ gbogbo àlàyé tí kò gbà, àfìgbà tí ojú fi tì í lọ́dọ̀ aládùúgbò. Ará Iowa kọ́ nìyẹn, ọmọ Ìjerò ni. Wọ́n kàn gbé e gba ibòmíràn wá sáyé ni.

Àwọn ọ̀gá kan á sì máa ráhùn pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò mọ kọ̀ǹpútà. Àwọn ọmọ girama tí ìjọba Èkìtì pín láptọ́ọ̀pù fún ní nǹkan bí 2012 ti di géńdé, àwọn ló ń bá yín ta ọjà yẹn. Wọ́n mọ̀ ọ́n. Wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù lórí fóònù, wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń wo ọ̀rọ̀ tí ẹ fi sí "status" kí ẹ má mọ̀ pé wọ́n wò ó. Ìyókù tí wọn kò mọ̀, ẹ̀yin lẹ kò ra dátà rẹ̀.

Ibi tí ẹ̀kọ́ orí ẹ̀rọ ti fìdí múlẹ̀ lágbègbè wa, ọ̀gá kankan kò pe ìpàdé sí i. Ṣọ́ọ̀bù àwọn télọ̀ ni. Ẹ wọ èyíkéyìí lọ́jọ́ tí ọjọ́ ìsìnkú ńlá bá kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́: fóònù kan wà tí wọ́n fi ẹ̀yìn rẹ̀ ti agolo Mílò lórí tábìlì tí wọ́n fi ń gé aṣọ, ojú rẹ̀ ti sán, fídíò kọ́sẹ́ẹ̀tì ń lọ nínú rẹ̀ láìsí ohùn. Kì í ṣe pé dátà wà níbẹ̀ o. Ọmọṣẹ́ kan ló lọ sí Adó lọ́jọ́ Àìkú, ó wá ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dára, ó fa fídíò náà sílẹ̀, ó sì gbé e wálé. Áàpù Xender ni wọ́n fi pín in kiri, láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù. Kò sí ìdánwò, kò sí ìwé ẹ̀rí, ẹnikẹ́ni kò ka ìṣẹ́jú wọn. Ẹni tó ń kọ́ wọn nínú fídíò ń sọ Yorùbá, ó ń bú aṣọ tó ń rọ́ bí wọ́n ṣe ń bú u. Tí ọ̀rùn aṣọ bá wọ́, wọ́n á dá fídíò padà, wọ́n á tún wò ó. Lọ́jọ́ Sátidé, àwọn olóyè ìdílé á wọ aṣọ náà jáde, télọ̀ òdìkejì títì á rí i, oorun kò ní kùn ún lálẹ́ yẹn.

Àǹtí tó ni irú ṣọ́ọ̀bù kan bẹ́ẹ̀ ti búra pé òun kò ní fi fóònù kọ́ṣẹ́ láyé òun. Ọdún tí òun fi kọ́ṣẹ́, òun fi ń pọn omi fún ọ̀gá òun, òun fi ń gbé ọmọ rẹ̀ pọ̀n. Kí ni fóònù mọ̀? Oníbàárà kan wá gbé aṣọ sítáìlì tuntun wá, ó ní ọ̀la lòun fẹ́ gbà á. Àǹtí wọn ọwọ́, ó wọn ẹ̀yìn, ó wo aṣọ, aṣọ wo òun náà. Ó rán ọmọ kan lọ ra òwú. Ó rán èkejì lọ ra bọ́tìnnì. Ó ní kí ìkẹta lọ wò ó bóyá òjò fẹ́ rọ̀.

Nígbà tí wọ́n padà dé, Àǹtí ti tẹ̀ sórí agolo Mílò, ìka wà lójú fóònù, kò rí bó ṣe máa dá a padà.

"Àǹtí, ẹ fi ìka fà á sápá òsì."

"Ṣé mo bi yín? Mò ń nu eruku ojú rẹ̀ ni." Ó dákẹ́ díẹ̀. "Tí mo bá ń nu eruku rẹ̀ báyìí, dátà ta ló ń jẹ?"

"Kì í jẹ dátà, mà. A ti fà á sílẹ̀."

"Ẹ gbé àga kan sún mọ́ mi."